Ìdí Tí Mo Fi Yan Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Kò sí ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kì í ti bi ọmọdé léèrè pé, “Iṣẹ́ wo ni ìwọ yóò ṣe nígbà tí o bá dàgbà?” Ìbéèrè yìí rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti dáhùn fún ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa dáhùn bí ẹgbẹ́ wa ti dáhùn: bí ẹni tí ó jókòó níwájú wa bá wí pé òun yóò di dókítà, àwa náà a di dókítà, bí ẹni tí ó tẹ̀lé e bá wí pé amòfin ni òun yóò jẹ́, àwa náà a di amòfin. Nígbà tí ó bá wá di pé kí a sọ ìdí rẹ̀, gbogbo ẹnu a pa mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé yóò dára bí mo bá lè sọ fún yín, láìfi ohun kan bò, ìdí tí èmi fi yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi tí mo jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ní ìdílé wa tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìlú mi, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láàrin àwọn òkè. Àwọn tí ó ka ìtàn mọ̀ ọ́n nítorí ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn Èkìtìparapọ̀ àti àwọn ará Ìbàdàn sì jà ní agbègbè wa títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886. Ṣùgbọ́n ìlú mi ní òkìkí mìíràn láàrin àwọn oníṣègùn káàkiri ayé, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà pàápàá kò mọ̀. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley dé sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọdé tí a ń gbé wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó dé. Èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, àrùn àyà àti àìrí oúnjẹ gidi jẹ ni ó ń pa wọ́n, púpọ̀ nínú ikú wọ̀nyí ni a sì lè dá dúró bí a bá tètè rí àrùn náà. Bí ọmọ kò bá lè tètè dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó tọ́ kí nọ́ọ̀sì tọ ọmọ lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju ohun tí ojú lè rí lọ. Lóṣooṣù ni ìyá yóò gbé ọmọ rẹ̀ wá. Nọ́ọ̀sì yóò wọn ọmọ náà, yóò sì fi àmì kan sí orí káàdì, ní ibi tí oṣù tí ọmọ ti lò láyé àti ìwọ̀n rẹ̀ bá ti pàdé. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, àwọn àmì wọ̀nyí a di ìlà. Wọ́n ti tẹ ìlà méjì sórí káàdì náà ṣáájú, bí etí ọ̀nà méjèèjì. Ọ̀nà ìlera ni wọ́n sì ń pè é. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè láàrin méjèèjì, ọmọ náà ń dàgbà. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ohun kan ń bọ̀ lọ́nà, bí ọmọ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ti wọlé. Ohun tí ó sì yani lẹ́nu jù ni pé wọn kò tọ́jú káàdì náà sí ọ́fíìsì. Wọ́n gbé e lé ìyá lọ́wọ́ kí ó máa mú un lọ sílé, nítorí wọ́n gbà pé òun ni ó ni ọmọ. Káàdì yìí tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí àwọn olùwádìí sì fi ìlú wa wé ìlú kan tí ó wà nítòsí rẹ̀ tí kò ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1978, wọ́n rí i pé ikú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé kéré púpọ̀ sí ti ìlú kejì.

Yèyé, ìyá tí ó bí bàbá mi, ṣì ní ọ̀kan nínú àwọn káàdì wọ̀nyí nínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ọmọ méjì ni èéyi ti pa mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Nígbà tí ó bí ìyẹn, ó ní òun kò tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ ní orúkọ tí ó dùn, kí ọkàn òun má baà fà mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó fà á lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Yèyé kò mọ ìwé kà, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìlà náà kà bí babaláwo ti í mọ ojú odù. Ní oṣù kẹjọ ọmọ náà, ìlà tẹ́. Nọ́ọ̀sì fi ìka tọ́ ọ, ó sì bi í léèrè ohun tí ọmọ ń jẹ. Ẹ̀kọ mímu nìkan ni. Nọ́ọ̀sì wí fún un pé kí ó máa lọ ẹ̀wà tí ó jinná mọ́ ọn, kí ó sì máa fún un ní ẹyin. Nígbà náà, ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà a máa wí pé ẹyin a máa sọ ọmọ di olè. Ìyá ọkọ rẹ̀ bínú gidigidi, ó ní kí wọn má fi oúnjẹ òyìnbó ba ọmọ àwọn jẹ́. Yèyé dá a lóhùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ìyá mi, bí yóò bá jalè, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wà láàyè.” Ní oṣù kẹwàá, ìlà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí gòkè.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí tó ìgbà ogún kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kà nínú ilé wa, káàdì ìwọ̀n ọmọ ni. Nọ́ọ̀sì kan ni ó sì kọ́ wa ní ìwé náà. Kò dúró kí Yèyé kọ́kọ́ lọ kọ́ a-b-d. Ó wá ohun tí ojú rẹ̀ lè kà, ó sì fi í lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé nọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹni tí ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ nìkan. Olùkọ́ ni pẹ̀lú.

Ohun kejì tí ó fà mí sí iṣẹ́ yìí ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ìgbẹ́ gbuuru mú àbúrò mi obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti jin wọnú, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó sì ń sunkún láìsí omijé. Ìyá mi gbé e pọ̀n, mo sì tẹ̀lé e dé ilé ìtọ́jú kékeré tí ó wà ládùúgbò. Nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀ fi ìka méjì mú awọ ikùn ọmọ náà, ó fà á sókè díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Awọ náà kò padà kíákíá. Ó rọra ń lọ bí aṣọ tí a ká. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé o rí i? Omi ara rẹ̀ ni ó ti tán.” Mo rò pé oògùn ńlá kan ni yóò gbé jáde. Omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù ni ó bù, lítà kan. Ó bu ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6 sí i, ó bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí, ó sì gé orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní kí n tọ́ ọ wò: bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, kí n dà á nù kí n tún òmíràn pò. Lẹ́yìn èyí, ó fi ṣíbí lé mi lọ́wọ́, ó sì kọ́ mi bí n ó ti máa fún ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì í, kí n dúró díẹ̀, kí n tún bẹ̀rẹ̀.

Ní gbogbo òru ọjọ́ náà, ìyá mi gbé e lẹ́sẹ̀, èmi sì ń fún un. Mo ka ṣíbí náà títí tí n kò fi lè kà á mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó tọ̀ sí ìyá mi lára, ìyá mi sì bú sẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ nítorí ìtọ̀ bí ẹni tí a fún ní owó. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ ni mo tó kà á pé irú omi yìí kan náà ni Dókítà Dilip Mahalanabis lò ní 1971, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń pa àwọn tí ogun lé jáde ní ilẹ̀ Bengal, tí omi tí a ń fà sí iṣan ara sì tán. Àwọn ẹbí aláìsàn ni ó fi ife omi oníyọ̀ àti ṣúgà lé lọ́wọ́. Ikú tí ó ń mú bí ènìyàn 30 nínú 100 sì lọ sílẹ̀ títí kò fi tó 4. Ìyanu kọ́ ni. Ṣúgà ni ó ń ran iyọ̀ lọ́wọ́ láti gba ara ìfun wọlé, iyọ̀ náà a sì fa omi tẹ̀lé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yìí ìbá wà nínú ìwé lásán bí kò bá sí ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ ní òru, tí yóò sì máa fi ṣíbí fún un.

Nígbà tí mo jáde ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì, tí mo sì sọ fún àwọn òbí mi pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́, bàbá mi pe àwọn ẹbí jọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, nítorí agbẹ̀ kòkó ni, owó tí a ó san kò sì kéré. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ṣé iṣẹ́ ìnùdí aláìsàn ni ẹ fẹ́ fi owó kòkó rán ọmọ lọ kọ́? Bí ó bá jẹ́ dókítà ni, ọ̀rọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó lọ kọ́ aṣọ rírán, kí ó sì wọ ilé ọkọ.” Ọ̀pọ̀ nínú wọn mi orí. Bàbá mi kò wí nǹkan kan. Yèyé dìde láìbínú, ó wọ inú yàrá rẹ̀ lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé káàdì náà jáde nínú ọ̀rá tí ó fi dì í. Ó tẹ́ ẹ síwájú ọmọ rẹ̀ àgbà, ó sì fi ìka tọ́ ibi tí ìlà ti tẹ́. Ó ní, “Ìwọ nìyí. Ẹni tí ó nu ìdí rẹ ní ọjọ́ yẹn kì í ṣe dókítà.”

Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú káàdì náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Ó ti ju ọmọ ọgọ́ta ọdún lọ, kò sì rí i rí. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, “Yèyé, ẹ kò sọ fún mi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ.” Kò tún sọ ohun mìíràn ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n òun ni ó ra bàtà funfun tí mo wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Florence Nightingale, tí a bí ní 1820, ọmọ ọlọ́rọ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kọ̀ fún un fún ọdún púpọ̀, nítorí ní ìgbà náà, wọn kò ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí iṣẹ́ ọmọlúwàbí obìnrin. Nígbà tí ó dé ilé-ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Scutari ní 1854, ó rí i pé àrùn tí ẹ̀gbin ń fà ń pa wọ́n ju ọgbẹ́ ogun lọ. Kò sunkún lásán; ó kó iye àwọn òkú jọ, ó ya wọ́n sínú àwòrán, ó sì fi han àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi gbà. Ẹ kò rí i pé iṣẹ́ kan náà ni ìṣirò rẹ̀ àti ìlà orí káàdì Yèyé ń ṣe? Ní 1860, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni ọmọ Èkó kan, Kofoworola Abeni Pratt, wọ̀ ní 1946. Bàbá tirẹ̀ náà kò fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nítorí náà ó kọ́kọ́ ṣe olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ó ń ka ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò kú. A kà á sí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ nínú ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ó padà sílé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ó wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973. Bí mo bá ti ń rántí rẹ̀, a máa dùn mọ́ mi pé olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì gbé inú ènìyàn kan ṣoṣo.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kò kọ iṣẹ́ náà; ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ orílẹ̀-èdè wa ní oṣù keje. Ènìyàn 20 ni ó mú, ó sì pa 8. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí ó tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́ wà lára àwọn tí ó kú. N kò lè sọ fún ìyá mi pé kò sí ewu. Ohun tí mo sọ fún un ni pé ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà, a kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà, àti pé kò bá má kúrò bí kò bá sí àwọn tí ó dúró. Ó dákẹ́ títí, ó sì wí pé, “Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o máa rántí wọ ìbọ̀wọ́ rẹ.”

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ owó, nítorí àwọn tí ó bá ń kọ ìwé nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn a máa fò ó. Kòkó bàbá mi kò tó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ nínú ìṣirò, ti fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí òjò kọ̀ láti rọ̀ dáadáa fún ọdún méjì, ó sì ń gun ọ̀kadà láti Ìmẹ̀sí-Ilé lọ sí àwọn ìlú ìtòsí. Òun ni ó san ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ní ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tí ó gbé mi dé ibi ọkọ̀ ní ọjọ́ tí mo ń lọ, ó so àpótí mi mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì wí fún mi pé, “Àbúrò mi, má jẹ́ kí n gun nǹkan yìí lásán.” Ọ̀rọ̀ yìí wúwo fún mi ju ìwé ìdánwò lọ. Èmi kò ní purọ́ fún yín pé ìfẹ́ ọmọnìkejì nìkan ni ó ń mú mi jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ láti kàwé. Gbèsè ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ iṣẹ́ tí a ń san owó rẹ̀ ní òpin oṣù, kí àbúrò wa tí ó kéré jù má baà fi ìwé sílẹ̀ nítorí òjò. N kò sì rí ìdí tí inúrere àti owó oṣù kò fi lè gbé inú ilé kan.

Ẹni tí òbí rẹ̀ ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ṣáájú rẹ̀ kò mọ iye ohun tí ó jogún. Èmi kò mọ̀ pé kí a tó gba ènìyàn sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó gbọ́dọ̀ yege dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, àti pé ọ̀nà náà ti ń pín láti ìgbà tí a bá ti yan ẹ̀kọ́ ní kíláàsì kẹrin. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún mi nílé. Bàbá mi gbà pé ìwé ni ìwé ń jẹ́. Olùkọ́ kan ni ó rí orúkọ mi lára àwọn tí kò yan Físíìsì, tí ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ jẹ́, tí ó sì wí pé, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìlà tí o tò sí yìí kì í ṣe tìrẹ.” Ọ̀rọ̀ náà kò gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí kò bá sọ ọ́, n kì bá tí mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nígbà tí mo dé inú wọ́ọ̀dù fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa ni ẹnikẹ́ni kì í rí. Bí a bá ṣe é dáadáa, ohun kan kì í ṣẹlẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan wà tí ẹ̀gbà ti dá dùbúlẹ̀. A ní láti máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, lọ́sàn-án àti lóru, kí ẹran ara rẹ̀ má baà jẹrà níbi tí ó ti ń tẹ egungun. Ó lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì lọ sílé láìní egbò kan. Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́, nítorí kò sí ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ fún egbò tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ fífọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kíka èémí àti ìwọ̀n ìgbóná ara, bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbé ọwọ́ lé ikùn ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí a lè mọ̀ bóyá ilé ọmọ rẹ̀ ti le, nítorí bí ó bá rọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò máa lọ. Ìṣọ́ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tí ó bá sì ń fẹ́ ìyìn ojoojúmọ́ kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ènìyàn ń bi mí báyìí, àní àwọn tí ó ń ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá mi: “Nígbà wo ni o ń lọ sí Òkè Òkun?” Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ni ó ti lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà gbé òfin kan jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán lẹ́yìn tí ó bá gba ìwé àṣẹ rẹ̀, kí wọ́n tó lè bá a jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Èmi kì í dá ẹni tí ó lọ lẹ́bi. Ẹni tí ó nìkan ṣọ́ ogójì aláìsàn ní òru kan, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì tó o jẹun, ní ohun tí ó lè sọ. Kofoworola Pratt náà lọ kí ó tó bọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá rò ó, mo máa ń rí ìyá kan tí ó gbé ọmọ pọ̀n wá láti oko ní agbègbè wa, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni nídìí òṣùwọ̀n. Mo ti pinnu láti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bí ọjọ́ ọ̀la yóò bá mú ohun mìíràn wá, n kò lè búra. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, n kò kọ èyí kí gbogbo yín lè di nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tí ẹ bá yàn, ẹ wá ìdí rẹ̀, kí ìdí náà sì jẹ́ èyí tí ó lè gbé yín dúró ní aago mẹ́ta òru, nígbà tí oorun bá ń kùn yín tí ẹnikẹ́ni kò sì wò yín. Bí ó bá jẹ́ tìtorí aṣọ funfun ni, aṣọ funfun a tètè dọ̀tí. Bí ó bá jẹ́ tìtorí owó nìkan ni, ẹ ó rí ibi tí owó gbé pọ̀ ju ibẹ̀ lọ. Ẹ wo inú ilé yín dáadáa. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tí ó gba ẹnìkan nínú wọn là kí a tó bí yín ni yóò pè yín.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dákun, ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wọ̀, ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò ní ẹni tí yóò bi léèrè nílé. Kì í ṣe pé òbí rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀nà náà ni wọn kò rìn rí. Ọmọ náà kò ní na ọwọ́ sókè, nítorí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè kan wà láti bi. Ẹ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fi ìka tọ́ ibi tí ìlà rẹ̀ ti tẹ́, kí ẹ sì sọ fún un ohun tí yóò mú un gòkè.